ÌWÉ ÌDÍJE KÌ Í ṢE ORÍKÌ: Ọ̀NÀ TÍ A LÈ GBÀ KỌ̀WÉ FÚN ÀMÌ-Ẹ̀YẸ OKÒWÒ

Nígbà tí a pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ níhìn-ín, ohun tí a retí lẹ́nu mi ni ọ̀rọ̀ lórí èdè Yorùbá. Ó ṣeé ṣe kí ẹnu ya àwọn kan pé ọ̀rọ̀ okòwò ni mo gbé wá. Bí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ mi, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè náà ni.

1. Ìfáárà

Kò sí ọmọ Ìgbómìnà tí kò gbọ́ nípa ère òkúta Èsìẹ́. Àwọn ère náà tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí. Àwọn kan mú àdá lọ́wọ́, àwọn mìíràn ń fọn fèrè. Bí a bá wo irun orí wọn àti ilà ojú wọn, a ó mọ̀ pé àwọn tí ó gbẹ́ wọn mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Ní ọdún 1933 ni Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé fún ìjọ CMS, mú ìròyìn wọn dé etígbọ̀ọ́ àwọn ará òde. Ní ọdún 1945 ni a kọ́ ilé fún wọn, ilé náà sì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Síbẹ̀, ta ni ó gbẹ́ wọn? Ta ni wọ́n gbẹ́ wọn fún? Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ìdáhùn tirẹ̀: ó ní àlejò ni wọ́n, àlejò tí ó di òkúta. Àwọn onímọ̀ náà ní èrò tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún wa lórí ohun tí wọ́n ṣe, bí wọ́n ti ṣe é, àti ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Iṣẹ́ wà nílẹ̀, ẹlẹ́rìí iṣẹ́ kò sí.

Mo rí i pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ rí láàárín wa lónìí. A rí ẹni tí ó ń ṣe irú, ẹni tí ó ń ṣe òrí, ẹni tí ó ń yan gààrí, ẹni tí ó ń rọ ohun èlò oko. Iṣẹ́ wọn dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ní kí wọ́n wá sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, kí wọ́n lè gba owó tàbí ọlá tí ó tọ́ sí wọn, ọ̀rọ̀ a di ti ère Èsìẹ́. Kókó ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ìwé tí a fi ń díje fún àmì-ẹ̀yẹ okòwò kì í ṣe oríkì, ẹ̀rí ni. Ẹni tí ó bá fi oríkì rọ́pò ẹ̀rí nínú rẹ̀ yóò kùnà, bí iṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ dára.

2. Ohun tí ìwé ìdíje jẹ́

Bí ìjọba, ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí àjọ kan bá fẹ́ dá àwọn oníṣòwò lọ́lá, tàbí tí ó fẹ́ fún wọn ní owó ìdókòwò, kò lè dé ìsọ̀ gbogbo ènìyàn. Yóò ní kí olúkúlùkù kọ̀wé nípa iṣẹ́ rẹ̀, kí ó dáhùn àwọn ìbéèrè kan, kí ó sì fi nǹkan ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn adájọ́ a ka ìwé náà, wọn a fún un ní máàkì, wọn a sì mú àwọn tí ó bá tayọ. Ìwé yẹn ni mo pè ní ìwé ìdíje. Nínú àwọn ìdíje kan, orúkọ rere nìkan ni èrè rẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, owó tí ó lè yí ìgbésí ayé ẹni padà ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ti tóbi tó. Ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, lábẹ́ Ààrẹ Goodluck Jonathan, dá ìdíje kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò, wọ́n sì pè é ní YouWiN!. Ní ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, àwọn tí ó kọ̀wé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000. A mú 6,000 nínú wọn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin lórí bí a ti ń kọ ètò okòwò. Ní ìgbẹ̀yìn, 1,200 ni ó gba owó, ẹnì kan sì lè gbà tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà. Ní ọdún 2015, àjọ Tony Elumelu bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀. Wọ́n ya mílíọ̀nù 100 dọ́là sọ́tọ̀ fún oníṣòwò 10,000 káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà láàárín ọdún mẹ́wàá, pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 5,000 dọ́là gẹ́gẹ́ bí owó ìbẹ̀rẹ̀ òwò.

Ẹ wo ti YouWiN! yẹn dáradára. Bí ènìyàn ogún bá kọ̀wé, ẹnì kan ni ó gbà. Kì í ṣe ojú wọn ni adájọ́ kọ́kọ́ rí, kì í ṣe ìsọ̀ wọn, kì í sì í ṣe ọjà wọn. Ìwé ni ó kọ́kọ́ ṣojú gbogbo wọn. Ìwé ìdíje dà bí ikọ̀ tí a rán sí ìlú tí a kò dé rí: bí ikọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹni tí ó rán an ni yóò jìyà rẹ̀.

3. Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe

N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ṣìṣe rí. Àbúrò ìyá mi kan wà ní Òmù-Àrán tí ó ń ṣe irú. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti wà nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ agbára ni. A ó se wóró rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí èèpo rẹ̀ tó rọ̀. A ó gún un, tàbí kí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí èèpo náà lè bó. A ó fọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, a ó tún un sè, a ó dà á sínú igbá tàbí agbọ̀n, a ó sì fi ewé bò ó fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó di irú. Ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n ooru tí ó yẹ ẹ́ yóò da gbogbo rẹ̀ nù.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbọ́ pé àjọ kan ń fún àwọn tí ó ń ṣe oúnjẹ ìbílẹ̀ ní àmì-ẹ̀yẹ pẹ̀lú owó. Mo sọ fún un pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ̀wé sí wọn.” Ó ní, “Ìwọ ni o mọ̀wé. Kọ ọ́ bí o bá ti mọ̀.” N kò bi í léèrè nǹkan kan mọ́. Mo padà sí yàrá mi, mo sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì aláràbarà kọ ọ́. Mo ní aṣíwájú tí kò ní ẹlẹgbẹ́ ni ìyá náà. Mo ní irú rẹ̀ ni ó dára jù lọ ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Kwara. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye òṣìṣẹ́ rẹ̀, mo kọ ogún. Mo ti rí obìnrin púpọ̀ nínú àgbàlá rẹ̀ rí ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. N kò béèrè ẹni tí ó ń gba owó nínú wọn, àti ẹni tí ó kàn wá bá wọn tàkurọ̀sọ.

Ìwé náà wọlé. Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, àlejò méjì wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n bá obìnrin mẹ́fà. Wọ́n béèrè àwọn mẹ́rìnlá yòókù. Ìyá náà kò mọ ohun tí ó wà nínú ìwé. Ó dáhùn pé mẹ́fà ni wọ́n, mẹ́fà náà ni wọ́n sì ti ń jẹ́ láti ọjọ́ tí òun ti ń san owó fún ènìyàn. Àwọn àlejò náà wo ara wọn lójú, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì lọ. A kò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ wọn mọ́, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí mo dé ilé, ìyá náà kò bá mi jà. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: “Ìwọ ni o kọ ọ́, èmi ni wọ́n bi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Òun ni ó bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí.

4. Oríkì àti ẹ̀rí

Nígbà tí mo tún ìwé náà kà, mo rí i pé kì í ṣe irọ́ tí mo pa lórí iye òṣìṣẹ́ nìkan ni ó bà á jẹ́. Oríkì ni mo kọ láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò fi ojú kéré wo oríkì. Ẹni tí a bá kì, orí rẹ̀ a wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì le nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí a ń ki ènìyàn létí wọn sáábà mọ ẹni náà, wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n sì mọ ìtàn tí ó wà lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Oríkì kò ní láti ṣàlàyé, nítorí pé ìmọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé. Adájọ́ ìdíje kò mọ ilé wa. Bí a bá sọ fún un pé ẹni kan kò ní ẹlẹgbẹ́, ohun tí yóò bi ara rẹ̀ ni pé, “Àwọn wo ni wọ́n fi í wé?” Bí ìwé náà kò bá dá a lóhùn, yóò kọjá sí ìwé tí ó kàn.

Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ mìíràn, èyí tí a ń lò ní ààfin nígbà tí ẹjọ́ bá wà nílẹ̀. Níbẹ̀, a kì í wo bí ẹlẹ́rìí ti gbọ́n ẹnu tó. A ó bi í pé: Ṣé ó ṣojú rẹ? Ìgbà wo ni? Níbo ni o wà? Ta ni ó tún wà níbẹ̀? Èwo ni o fi ojú rẹ rí, èwo sì ni o gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn? Bí ẹlẹ́rìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í yin ẹni tí ó wá gbè, àwọn ìjòyè yóò dá a dúró pé kí ó sọ ohun tí ó rí. Ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ yìí, èyí tí ìyá onírú kan mọ̀ láìka ìwé, ni ìwé ìdíje ń béèrè. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń kọ ìwé ìdíje ni pé kí ó mú ìròyìn sún mọ́ àfojúbà bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Gbólóhùn oríkì ni èyí: “Ìyá yìí ti mú ìdàgbàsókè ńlá bá iṣẹ́ irú ní agbègbè wa.” Gbólóhùn ẹ̀rí ni èyí: “Tẹ́lẹ̀, ẹrù igi mẹ́ta ni ìyá yìí ń fi se ìkòkò irú kan, láti ìgbà tí ó ti fi amọ̀ mọ ààrò tí ó bo iná yíká, ẹrù méjì ni ó ń lò.” Gbólóhùn kejì kò ní ọ̀rọ̀ ńlá kankan nínú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò dé Òmù-Àrán rí lè rí ààrò náà lọ́kàn, ó sì lè ránṣẹ́ lọ wò ó.

5. Bí ìwé ìdíje ṣe yẹ kí ó rí

Lẹ́yìn tí ojú ti tì mí, mo padà tọ ìyá náà lọ pẹ̀lú ìwé àti gègé ìkọ̀wé, mo sì jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́rin. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, àti èyí tí mo rí nínú ìlànà àwọn ìdíje ńláńlá, ni mo kó jọ sí abẹ́ yìí.

(a) Ka ìbéèrè kí o tó dáhùn. Ìdíje kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, ó sì sáábà máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan dá àmì-ẹ̀yẹ Malcolm Baldrige sílẹ̀ ní ọdún 1987 fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn péye. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, máàkì 1,000 ni gbogbo òṣùwọ̀n rẹ̀, 450 nínú rẹ̀ ni a sì yà sọ́tọ̀ fún àbájáde iṣẹ́ nìkan. Ẹni tí ó bá fi gbogbo ìwé rẹ̀ sọ ohun tí ó ní lọ́kàn láti ṣe, tí kò sọ ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde, ti sọ nǹkan bí ìdajì máàkì nù kí adájọ́ tó jókòó. Bí fọ́ọ̀mù bá béèrè iye owó tí ó wọlé, má ṣe fi ìtàn ìgbésí ayé rẹ dáhùn.

(b) Mú ohun kan ṣoṣo ní kókó. Ẹni tí ó bá ní òun tayọ nínú ohun gbogbo kò tíì sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo bi ìyá náà pé kí ni òun ń ṣe tí àwọn onírú yòókù kì í ṣe, ó kọ́kọ́ ní kò sí. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mẹ́nu kan ààrò náà, bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan. Ààrò yẹn ni ìwé wa kejì dá lé.

(d) Sọ bí ọ̀rọ̀ ti rí tẹ́lẹ̀, ohun tí o ṣe sí i, àti bí ó ti rí báyìí. Mẹ́ta ni ẹsẹ̀ ààrò, mẹ́ta náà sì ni ẹsẹ̀ ìwé ìdíje. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo èyí àkọ́kọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí nǹkan ti dára. Bí adájọ́ kò bá mọ ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀, kò lè mọ bí o ti rìn jìnnà tó.

(e) Fi iye sí i, kí iye náà sì ní orísun. Mo bi ìyá náà bí òun ti mọ̀ pé ẹrù mẹ́ta ni ó di méjì. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ògiri ilé ìdáná rẹ̀. Ó ti fi èédú fa ilà sí i lára fún ọdún púpọ̀: ilà gígùn fún ẹrù igi, ilà kúkúrú fún kóńgò wóró tí ó rà, àmì roboto fún igbá irú tí ó jáde. Èmi tí mo pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé ti bá a gbé nínú ilé yẹn rí, n kò sì mọ̀ pé ìwé ìṣírò ni ògiri náà. A ya fọ́tò rẹ̀, a sì da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ ìdíje kí ẹ tó máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ìwé ìdíje tí ó lágbára ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí a fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ ránṣẹ́.

(ẹ) Jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ́rìí sí i. Ẹnu ara ẹni kò tó. Ìwé ẹni tí ó ń rà lọ́wọ́ rẹ, ìwé owó báǹkì, fọ́tò, orúkọ ẹgbẹ́ tí o wà nínú rẹ̀ ní ọjà: gbogbo wọn ni ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n má ṣe kó ogún ẹlẹ́rìí wá sórí ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì tó fún.

(f) Jẹ́wọ́ ohun tí kò tíì dára. Èyí ni ó ṣòro jù fún wa, nítorí pé a kò fẹ́ kí àlejò mọ ibi tí òrùlé ti ń jò. Ṣùgbọ́n ìwé tí kò ní àbùkù kankan a máa kọ adájọ́ lóminú. Ìyá náà ní kí n kọ ọ́ pé ní ìgbà òjò, ìkòkò kan nínú márùn-ún máa ń bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, àti pé ohun tí òun fẹ́ fi owó ìdíje náà ṣe ni ilé tí òjò kò ní lè kàn án. Mo fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Ó ní, “Bí o bá yọ ọ́, kí ni wọn yóò fún mi lówó sí?” N kò rí èsì fọ̀ fún un. Bí a bá sì fẹ́ bò ó, kò ṣeé bò títí: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

(g) Sọ ọ́ ní èdè rẹ kí o tó kọ ọ́ ní èdè ẹlòmíràn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan ẹ̀ka èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè fọ́ọ̀mù púpọ̀. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì sáábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ lórí rédíò, kì í ṣe pẹ̀lú ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní ìgbà kejì, mo ní kí ìyá náà sọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú ẹnu Ìgbómìnà rẹ̀, mo sì kọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni mo túmọ̀ rẹ̀, mo sì tún tú u padà sí Yorùbá fún un kí ó lè gbọ́ ohun tí a ó fi orúkọ rẹ̀ sọ. Níbi méjì ni ó ti ní, “N kò sọ bẹ́ẹ̀.” Níbi méjèèjì, òun ni ó jàre.

6. Àpẹẹrẹ ọmọ Ìlá kan

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ irú nìkan ni èyí bá mu. Ìlú Ìgbómìnà ni Ìlá-Ọ̀ràngún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ààlà ìjọba fi í sí. Ibẹ̀ ni a bí Temie Giwa-Tubosun sí ní ọdún 1985. Ní ọdún 2016 ni ó dá ilé-iṣẹ́ LifeBank sílẹ̀ ní Èkó. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni láti bá ilé-ìwòsàn wá ẹ̀jẹ̀ sí ibi tí ó bá wà, kí ó sì fi alùpùpù gbé e dé ọ̀dọ̀ aláìsàn láìjẹ́ kí ó bàjẹ́ lọ́nà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ní ìlú Accra, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje tí àjọ Jack Ma dá sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò Áfíríkà. Àwọn tí ó kọ̀wé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000; àwọn mẹ́wàá ni ó dé ìpele ìkẹyìn; 250,000 dọ́là ni ó gbà.

Ẹ wo bí a ti lè sọ iṣẹ́ náà láìlo ọ̀rọ̀ ńlá kan. Obìnrin kan bímọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó lè gbà á là wà ní ìlú kan náà, ṣùgbọ́n ilé-ìwòsàn kò mọ ibi tí ó wà, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ sì wà láàárín wọn. Ẹnì kan wá mú ibi tí ó wà di mímọ̀, ó sì gbé e dé kí obìnrin náà tó kú. Bí ó ti rí tẹ́lẹ̀, ohun tí a ṣe, bí ó ti rí báyìí: ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Iṣẹ́ tí ó bá ṣeé sọ báyìí fún ọmọdé ṣeé sọ fún adájọ́.

7. Ohun tí adájọ́ kò lè rí

Ó yẹ kí n sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú, kí n má ba à dà bí ẹni tí ó ń ta oògùn ìdíje. Ní ọdún 2017, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ní Báǹkì Àgbáyé, David McKenzie, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìdíje YouWiN! tí mo mẹ́nu kàn. Nínú àwọn 1,200 tí ó gba owó, kì í ṣe gbogbo wọn ni a fi máàkì mú. A fi gègé mú ọ̀pọ̀ nínú wọn láti inú àwọn tí ó ti dé ìpele tí ó ṣáájú ti ìkẹyìn. Nítorí náà ó ṣeé ṣe láti fi àwọn tí gègé mú wé àwọn tí gègé kò mú. Ohun tí ó rí ni pé owó náà ṣiṣẹ́: òwò àwọn tí ó gbà á wà láàyè jù, èrè wọn pọ̀ jù, iye àwọn tí òṣìṣẹ́ wọn tó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì fi ohun tí ó lé ní ogún nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò gbà á.

Ní ọdún 2019, òun àti Dario Sansone béèrè ìbéèrè mìíràn: ǹjẹ́ máàkì tí àwọn adájọ́ fún ètò okòwò kọ̀ọ̀kan sọ bí òwò náà yóò ti rí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta? Ìdáhùn wọn ni pé rárá. Máàkì àwọn adájọ́ kò ní ìbáṣepọ̀ kankan pẹ̀lú bí òwò ti pẹ́ tó, tàbí iye òṣìṣẹ́ rẹ̀, tàbí èrè rẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Òun náà kò ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀nà tí ó tó sọ.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí níbẹ̀. Èkínní, adájọ́ kì í ṣe babaláwo. Ẹni tí ìdíje kò mú kò gbọdọ̀ rò pé iṣẹ́ òun kò dára. Ẹni tí ó mú kò sì gbọdọ̀ rò pé ìṣòro òun ti tán. Èkejì, ó yẹ kí àwọn tí ń ṣètò ìdíje mọ ìwọ̀n ìwé. Kí wọ́n máa dé ibi iṣẹ́. Kí wọ́n sì gba ẹ̀rí tí a bá sọ ní Yorùbá, tàbí ní èdè yòówù kí ó jẹ́ ti oníṣẹ́ náà, bóyá a kọ ọ́ tàbí a fi ẹ̀rọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìdíje bá jẹ́ ti ẹni tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ nìkan, Gẹ̀ẹ́sì ni a ń fún ní àmì-ẹ̀yẹ, kì í ṣe irú. Ẹ̀kẹta, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ìwé ni ilẹ̀kùn, tí owó tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà sì ń ṣiṣẹ́, kò tọ́ kí a fi oníṣẹ́ wa sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọdún 2011 ni Yunifásítì Landmark ti wà ní Òmù-Àrán. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn sì wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè jẹ́ akọ̀wé fún àwọn ìyá wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kí ẹ jókòó tì wọ́n kí ẹ tó kọ̀wé. Ẹ má ṣe bí mo ti ṣe.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá onírú já sí. A kọ ìwé kejì sí ìdíje mìíràn. Àlejò tún wá. Ní ọjọ́ náà, n kò sí nílé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó mú wọn lọ sẹ́yìn ògiri, ó sì ka ilà èédú náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gba ipò kìíní. Wọ́n fi í sí ara àwọn tí wọ́n yìn, wọ́n sì fún un ní owó tí kò tó kọ́ ilé tí ó ń fẹ́; ó fi ra páànù, ó fi bo apá kan àgbàlá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí n kò retí. Nígbà tí a da ilà ògiri náà kọ sínú ìwé, tí a ṣírò rẹ̀ pọ̀, a rí i pé irú tí ó ń tà ní kóńgò kéékèèké kò mú èrè kankan wá fún un. Owó igi ni ó ń jẹ gbogbo rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ó ti fi ń tà á bẹ́ẹ̀. Ó yí iye tí ó ń tà á padà ní ọ̀sẹ̀ náà. Kò sí adájọ́ tí ó fún un ní èyí. Ẹ̀rí tí ó jẹ́ nípa iṣẹ́ ara rẹ̀ ni ó fún un.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí a kọ ìwé ìdíje bí ẹni ń jẹ́rìí. Oríkì a máa dùn mọ́ ẹni tí ó ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rí a máa ṣe ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ pàápàá láǹfààní, nítorí pé ó fi agbára mú un láti wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Bí ẹ bá padà dé Èsìẹ́, tí ẹ bá dúró níwájú àwọn ère wọ̀nyẹn, ẹ rántí pé ẹnu àwọn oníṣẹ́ wọn ti dákẹ́, a kò sì lè bi wọ́n léèrè mọ́. Àwọn oníṣẹ́ tí ó wà láàárín wa lónìí ṣì lè dáhùn. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n, kí a sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ bí wọ́n ti sọ ọ́.